Ṣíà Báńkì Já Wálẹ̀: Ṣé Ọ̀pọ̀ Ni, àbí Gbèsè La Fẹ́ Rà?

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan gbà mí lọ́kàn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ló kọ ọ́. Mo gé e kúrú, mo sì fi orúkọ wọn àti orúkọ báńkì tí wọ́n dá pamọ́:

"Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ní ọdún 2007, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ àjọ ra ṣíà báńkì kan. Owó ọjà ni a fi rà á. Nígbà tó di 2009, wọ́n ní nǹkan ti bàjẹ́ ní báńkì náà, láti ìgbà náà n kò fojú kan kọ́bọ̀. Ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí mi. Ní báyìí, ọmọ mi tó ń ránṣọ l'Ékòó ní kí n fi owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ra ṣíà báńkì mìíràn. Ó ní ó ti wálẹ̀ gan-an, pé náírà díẹ̀ ni wọ́n ń tà á, pé ọ̀pọ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n pín in tán kí n tó dé. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé iye tí wọ́n ń ta ṣíà báńkì tọ́ sí i?"

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín yìí, àwọn tó ka ìwé rẹpẹtẹ pàápàá kì í rántí bi ara wọn kí wọ́n tó sanwó. Ọmọ yín ní ó ti wálẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n wíwálẹ̀ ọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá gbé lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń tà ní 50,000 lánàá wá bá yín ní 10,000 lónìí, ṣé ẹ ó kàn sanwó ni? Rárá o! Ẹ ó tú u, ẹ ó nà án sí oòrùn, ẹ ó wò ó bóyá eku ti jẹ ẹ́, tàbí omi ti wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé eku ti jẹ ẹ́ láti òkè délẹ̀, 10,000 náà ti wọ́n jù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ṣíà báńkì nígbà tí ìjì bá ti jà lágbo olówó. Iye tí wọ́n ń tà á lánàá kò kàn wá mọ́. Ohun tó kàn wá ni ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

KÍ LA Ń RÀ GAN-AN?

Ṣíà, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìpín ìdókòwò, kì í ṣe owó tí a fi pamọ́ sí báńkì. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké. Ẹni tó fi owó pamọ́, báńkì ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tó ra ṣíà, òun náà wà lára àwọn tó ni báńkì. Tí ilé bá wó, ẹni tó fi owó pamọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá owó fún. Onísíà ló ń gbẹ̀yìn. Ohun tó bá ṣẹ́kù sí ìdí ìkòkò ni tirẹ̀, tí ìkòkò bá sì ti gbẹ, ó di kó máa lọlé. Ẹnikẹ́ni kò ní wá ká a mọ́lé pé kó wá san gbèsè báńkì, ṣùgbọ́n owó tó fi ra ṣíà lè lọ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká fi báńkì kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó ni ín dá 10 mílíọ̀nù náírà sílẹ̀, wọ́n sì pín in sí ṣíà mílíọ̀nù kan. Àwọn ará ọjà fi 90 mílíọ̀nù pamọ́ síbẹ̀. Ó di 100 mílíọ̀nù, báńkì sì yá gbogbo rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Nínú ìwé, ṣíà kan jẹ́ náírà 10.

Wàyí o, àwọn kan yá owó, wọn kò san án mọ́. Tí 5 mílíọ̀nù bá wọgbó nínú 100 yẹn, owó àwọn tó ni báńkì ti ku ìdajì. Ṣíà kan ti di náírà 5. Tí 10 mílíọ̀nù bá wọgbó, ṣíà ti di òfo. Tó bá jẹ́ 12 mílíọ̀nù, ihò mílíọ̀nù méjì ló wà nílẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn ló sì máa wá dí i. Ẹ wò ó dáadáa o: nínú náírà 100 tí báńkì yá èèyàn, náírà 10 péré ló sọnù, síbẹ̀ gbogbo owó onísíà ti tán! Ìdí nìyí tí òwò báńkì kò fi dà bí òwò aṣọ. Owó olówó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà àṣìṣe kékeré ló ń jẹ owó onílé run.

Ẹ jẹ́ kí ṣíà náírà 10 inú ìwé yìí máa lọ ní náírà 4 lọ́jà. Ṣé ọ̀pọ̀ ni? Tí gbèsè tó ti kú, tí wọn kò tíì yọ kúrò nínú ìwé, bá jẹ́ 3 mílíọ̀nù, ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ náírà 7 lórí ṣíà kan. Ẹni tó rà á ní 4 ti jàǹfààní. Ṣùgbọ́n tí gbèsè tó ti kú bá jẹ́ 8 mílíọ̀nù ńkọ́? Náírà 2 ló ṣẹ́kù. Ẹni tó rà á ní 4 ti ra ọ̀wọ́n ní ìlọ́po méjì. Náírà 4 kan náà o, ṣùgbọ́n ọ̀kan jèrè, èkejì gbé òkú gbèsè wọlé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

OHUN TÍ OJÚ WA TI RÍ

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún àwọn báńkì ilẹ̀ wa.

Ní oṣù keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ìyẹn CBN, nígbà náà, pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní ojú owó 25 bílíọ̀nù náírà kí ọdún 2005 tó parí. 2 bílíọ̀nù ni tẹ́lẹ̀. Àwọn kan parapọ̀, àwọn kan kógbá sílé, báńkì 89 di 25. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣíà títà wá gbòde kan. Télọ̀ ń rà, mẹkáníìkì ń rà, olùkọ́ ń rà, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ náà ń rà. Iye rẹ̀ ń lọ sókè lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìdí rẹ̀.

Ìdí kan rèé: àwọn báńkì ń yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà báńkì náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ń ta ẹ̀wà ló ń yá oníbàárà lówó tó fi ń ra ẹ̀wà, ó wá ń pariwo pé ọjà òun ń yá. Nígbà tí owó yíyá dáwọ́ dúró, ta ni yóò rà á?

Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọjà ṣíà ilẹ̀ wa kọjá 66,000. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2009 fi máa parí, ó ti já wá sí nǹkan bí 20,000. Bí ẹni pé ohun tó tó náírà 10 di náírà 3. Nígbà náà gan-an ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn pé, "Ó ti wálẹ̀, ẹ sáré wá rà!"

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó ti di gómìnà CBN, yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún: Afribank, Intercontinental, Oceanic, Union àti FinBank. Ó fi 420 bílíọ̀nù náírà ti àwọn báńkì náà lẹ́yìn kí wọ́n má baà dojú dé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ó kan Bank PHB, Spring Bank àti Equitorial Trust Bank, pẹ̀lú 200 bílíọ̀nù mìíràn. Ìyẹn ni pé gbèsè tó ti kú pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé fún ará ìlú lọ. Ẹni tó wo ìwé àtijọ́, tó ní ṣíà ń lọ ní ìdajì iye rẹ̀, kò mọ̀ pé iye náà fúnra rẹ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́.

Ní 2010, ìjọba dá AMCON sílẹ̀ láti máa ra àwọn gbèsè burúkú náà kúrò lọ́rùn báńkì. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ ọdún 2011, CBN gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Mainstreet, Keystone àti Enterprise ló rọ́pò wọn. Àwọn tó fi owó pamọ́ kò pàdánù. Àwọn onísíà pàdánù gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó rà á lọ́wọ́n ní 2008 nìkan ló pàdánù o. Àwọn tó rà á lẹ́yìn tó wálẹ̀, tí wọ́n rò pé ọ̀pọ̀ ni, náà wà lára wọn. Bákan náà ló rí nígbà tí Skye Bank di Polaris ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ṣíà rẹ̀ kò tó náírà kan mọ́ kó tó dọjọ́ náà, síbẹ̀ ó ṣì wọ́n jù, nítorí òfo ló já sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sá o. Ìjì yẹn kan náà fẹ́ lu GTBank àti Zenith, ṣíà tiwọn náà já wálẹ̀. Àyẹ̀wò CBN kò rí irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú wọn, wọn kò sì sí lára àwọn tí wọ́n fi owó ìgbàlà tì lẹ́yìn. Wọ́n ń jèrè, wọ́n sì ń pín in fún àwọn onísíà. Ẹni tó fi sùúrù rà wọ́n nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé, òun ló ra ọ̀pọ̀ ní tòótọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ẹni tó ra Afribank kì í ṣe oríire lásán. Ọ̀kan ra báńkì tí owó onílé ṣì wà nínú rẹ̀, èkejì ra báńkì tí gbèsè ti jẹ owó onílé tán.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ìkíní: èló ni owó àwọn tó ni báńkì, ṣíà mélòó ni wọ́n sì pín in sí? Ó wà nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún báńkì. Ẹ pín ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ tó wo iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ẹ má ṣe fi ṣíà náírà 3 wé ṣíà náírà 40 kí ẹ ní ti náírà 3 ló pọ̀. Tí a bá gé iṣu kan sí ọ̀nà 4, tí a gé èkejì sí ọ̀nà 60, ṣé ègé kan á tóbi bákan náà ni? Ègé náírà 3 lè wọ́n ju ègé náírà 40 lọ.

Ìkejì: gbèsè mélòó ló ti kú, èló ni wọ́n sì ti yà sọ́tọ̀ fún un? CBN ní kí gbèsè burúkú má ju náírà 5 lọ nínú náírà 100 tí báńkì yá jáde. Ẹ béèrè bóyá báńkì náà wà láàlà yẹn. Ẹ tún béèrè bóyá CBN ń yọ̀ǹda fún un láti má tíì ka àwọn gbèsè kan sí òkú. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 2025, CBN pàṣẹ pé kí àwọn báńkì tó wà lábẹ́ irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ dáwọ́ pípín èrè fún onísíà dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ò rí i? Èrè lè wà nínú ìwé, kí ó má dé ọwọ́ yín.

Ìkẹta: ṣé wọ́n máa tún ta ṣíà tuntun, èló ni wọ́n sì máa tà á? Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2024, CBN tún gbé ojú owó sókè: 500 bílíọ̀nù náírà fún báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun, 200 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣòwò jákèjádò ilẹ̀ wa, 50 bílíọ̀nù fún ti ẹkùn kan. Ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2026 ni gbèdéke tí wọ́n fún wọn. Wọ́n ní èrè àtẹ̀yìnwá tí báńkì tò jọ kò ní wọ inú ìṣirò náà, owó tí àwọn onísíà dá nìkan ni wọn yóò kà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ báńkì fi ta ṣíà tuntun. Kò burú, owó tuntun ń mú báńkì lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí báńkì wa níjọ́ kan, tó ní ṣíà mílíọ̀nù kan. Tó bá ku díẹ̀ kó ṣubú, tí ẹni tuntun kó owó wá tó gba ṣíà mílíọ̀nù mẹ́ta, ìdámẹ́rin péré ni gbogbo ẹ̀yin àtijọ́ á ní. Báńkì là, ṣùgbọ́n ìpín yín súnkì. Ẹ wo iye ṣíà tó wà lẹ́yìn títà, kì í ṣe iye tó wà tẹ́lẹ̀.

Ìkẹrin: èló ni báńkì ń jèrè lórí ṣíà kan nínú ọdún tí ohunkóhun kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀? Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn báńkì tó ní dọ́là jèrè tabua. Òjò ojijì nìyẹn, kì í ṣe odò. CBN fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà pé wọn kò gbọdọ̀ fi èrè yẹn pín fún onísíà. Ẹ fi èrè gidi wé ohun tí owó yín ì bá pa níbòmíràn. Tí báńkì bá fi náírà 10 onílé jèrè náírà 1 lọ́dún, tí treasury bill ìjọba sì ń san náírà 2 lórí náírà 10, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi ra ṣíà náà ní náírà 10? Náírà 5 ló tọ́ sí i. Nítorí náà, pé ṣíà ń lọ ní ìdajì iye inú ìwé kì í ṣe àmì pé wọ́n ń fi ta ọrẹ. Ó lè jẹ́ pé iye tó yẹ ẹ́ gan-an nìyẹn.

ÌMỌ̀RÀN MI

Ìyá wa, ẹ pe ọmọ yín, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nípa báńkì tó dárúkọ. Tí kò bá lè dáhùn, kí ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ alágbàtà ṣíà tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, kí ẹ sì bi òun náà. Alágbàtà tó bá ń sọ pé, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ ṣáà rà á," ẹ dìde, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Tí ìdáhùn bá fi hàn pé owó onílé wà níbẹ̀ ní tòótọ́, pé wọ́n ti ya owó sọ́tọ̀ fún gbèsè burúkú, pé ìpín yín kò ní súnkì, pé èrè gidi ń wọlé, tí iye ọjà sì kéré sí ohun tí ìṣirò yín gbé jáde, a jẹ́ pé ọmọ yín ríran. Tí ọ̀kan bá mẹ́hẹ nínú wọn, kí iye tí ẹ máa san náà wálẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má fi owó ọjà rà á. Ẹ má fi owó ilé ìwé rà á. Ẹ má yá owó rà á láé! Kó jẹ́ owó tó lè jókòó fún ọdún márùn-ún láìpe orúkọ yín. Kí ó má sì jẹ́ gbogbo owó àjọ náà, kí ó má sì jẹ́ báńkì kan ṣoṣo. Ẹ rántí pé NDIC ń dúró fún owó tí èèyàn fi pamọ́ sí báńkì ńlá, wọ́n sì gbé e dé 5 mílíọ̀nù náírà ní 2024. Kò dúró fún ṣíà rárá.

Ti ìwé tó wà nínú àpótí yín, ẹ má tíì sun ún níná. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ Afribank, Bank PHB tàbí Spring Bank, ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí gbájú-ẹ̀ kan gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín gbà á. Tó bá jẹ́ Intercontinental, Access ló gbà á. Tó bá jẹ́ Oceanic, Ecobank ni. FinBank lọ sọ́dọ̀ FCMB. Union ní tirẹ̀, àwọn olówó tuntun ló wọ inú rẹ̀. Ìpín àwọn onísíà àtijọ́ súnkì, ṣùgbọ́n nǹkan kékeré lè ṣẹ́kù tó ń jẹ́ orúkọ yín, tàbí èrè tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Ẹ mú ìwé náà àti ìwé ìdánimọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ báńkì tó gbà á, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú orúkọ àwọn onísíà.

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ àjọ mìíràn tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ ọdún tí ẹ rà á àti orúkọ tó wà lórí rẹ̀. A kò ní tẹ orúkọ yín jáde. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.